Ìdàrọ́ Ojú Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú àfojúbà òní. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jí wa mọ́ àwọn alààyè, tó fún wa ní ojú tí a fi ń kàwé àti etí tí a fi ń gbọ́ ìtàn. Èyí tí mo gbé wá yìí kò dùn tán, kò sì korò tán. Bí ewúro tí wọ́n fọ̀ dáadáa ló rí. Ẹ fà mọ́ra, ẹ bá mi jókòó.

"Ṣé òkúta lẹ pe èyí, ẹ̀gbọ́n?"

Adétọ́lá kò kí ẹnikẹ́ni kó tó béèrè. Ọ̀kadà tó gbé e wọ Ìmẹ̀sí-Ilé kò tíì paná tó fi bẹ̀rẹ̀ sáàrin ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tó mú ègé dúdú kan nílẹ̀, tó sì gbé e sókè bí ẹni tó mú olè.

Díákónì Gbádéyan fi ṣọ́bìrì tó fi ń tẹ́ ojú ọ̀nà ti ara ògiri. Inú rẹ̀ ti ń dùn láti àárọ̀. Ọ̀nà tó gun òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yìí ti sọ ọ̀pọ̀ di arọ ọ̀sẹ̀ kan. Lójò èṣí, Ìyá Ìjọ yọ̀ ṣubú níbẹ̀ nígbà tó ń bọ̀ wá jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Ọjọ́ náà ni Gbádéyan ṣèlérí níwájú ìjọ pé kí Ìkórè tó dé, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ní kan ẹrọ̀fọ̀ mọ́. Ó ti mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ọ̀nà náà dúdú, ó le, òjò tó rọ̀ lánàá ṣàn kọjá lórí rẹ̀ bí omi tó ń ṣàn lórí páànù.

"Òkúta kọ́, ìdàrọ́ ni," ó dáhùn. "Kò sí ohun tó ń pa ẹrọ̀fọ̀ bí i rẹ̀. Fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wàá rí i."

"Níbo lẹ ti kó o?"

"Òkè Dúdú. Inú oko wa ni, mi ò jí ti ẹnikẹ́ni."

Adétọ́lá jẹ́ kí ègé náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí níṣojú àwọn obìnrin tó ń gbá àyíká ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa wá. Ààlà ilẹ̀ wa lẹ kó dà sílẹ̀ kí àwọn màmá máa fi bàtà tẹ̀ yìí o!"

Ìdàrọ́ ni ìdọ̀tí tí irin máa ń tú sílẹ̀ nígbà tí àwọn ará àtijọ́ bá fi iná ńlá yọ́ ọ jáde nínú òkúta. Nínú oko ẹbí wọn lẹ́yìn ìlú, òkìtì rẹ̀ kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ilé. Kòkó kò hù lórí rẹ̀, iṣu kò ta níbẹ̀, àfi koríko wẹ́wẹ́ kan tó máa ń gbẹ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé gan-an. Wọ́n máa ń sọ fún àwọn ọmọdé pé ẹni tó bá gun Òkè Dúdú, ojú rẹ̀ á fọ́. Láti ìgbà tí Gbádéyan ti fi ayé rẹ̀ fún Kristi nílé ìwé gíga, ó ti ka ọ̀rọ̀ yìí mọ́ àwọn ohun tí ó yẹ kí ènìyàn fi rẹ́rìn-ín. Kí típà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó gbàdúrà lé òkìtì náà lórí, ó pàṣẹ kí gbogbo agbára òkùnkùn inú rẹ̀ jáde. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ké "Àmín" bí àrá. Alángbá ló jáde.

"Fákúnlé tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà ti gbé wa lọ sọ́dọ̀ Kábíyèsí," ni Adétọ́lá wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ọmọ àbúrò bàbá Gbádéyan ni Adétọ́lá. Òṣogbo ló ń gbé, òun ló sì máa ń sáré sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí. "Láti ìgbà tí àwọn awakùsà ti ń wo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kiri, ilẹ̀ tí kò lólùwá tẹ́lẹ̀ ti ń ní olóhun méjì. Ó ní ilẹ̀ bàbá òun dé odò. Tó bá dé odò, gbogbo kòkó Bàbá Ògúnfẹ́mi ló ti bá a lọ. Ní Ọjọ́bọ̀, ìgbìmọ̀ tí Kábíyèsí yàn ń bọ̀ wá rin ààlà. Wọ́n ń mú dókítà kan bọ̀ láti yunifásítì, obìnrin kan tó mọ bí a ti ń ka ilẹ̀ àtijọ́. Òkè Dúdú nìkan ni ẹlẹ́rìí wa, ẹ̀gbọ́n! Ìran Fákúnlé kò yọ́ irin rí."

"Ta ló sọ ìyẹn fún mi?"

"Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ọ́, lọ́jọ́ ìrìn ààlà. Ẹ̀yin ni ẹ kì í wá."

"Ọjọ́ ọdún Ògún ni. Ṣé o fẹ́ kí n wá bọ irin ni?"

"Ẹ máa bọ ṣọ́bìrì yín nìyẹn."

Àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ dá ọwọ́ dúró. Ọ̀kan nínú wọn fi ìgbálẹ̀ bo ẹnu.

Nílé, Dúróoríkẹ́ aya Díákónì gbé iyán síwájú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n Adétọ́lá nìkan ló bu òkèlè. Ó ti ní ọgbọ́n kan nínú. Ó ti bá Mukhtar sọ̀rọ̀, oní-típà kan tí òun mọ̀ ní Òṣogbo. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí ìgbìmọ̀ tó dé, kí àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì hú ìdàrọ́ náà, kí Mukhtar sì kó o padà.

"Òkìtì ni wọ́n fẹ́ rí," ó wí. "Òkìtì la máa fi hàn wọ́n."

"Ọ̀nà wa ńkọ́?" Dúróoríkẹ́ bi í. "Ẹni tó bá fẹ́ hú u, kó kọ́kọ́ lọ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọwọ́ Ìyá Ìjọ tó kán."

"Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí á gba ilẹ̀ ná. Tí a bá ti gba ilẹ̀, màá fi ọ̀dà gidi ṣe ọ̀nà fún Olúwa."

"Olúwa ò bẹ̀ yín níṣẹ́ ọ̀dà."

Nígbà tí Adétọ́lá lọ tán, Dúróoríkẹ́ kò kó abọ́. Ó jókòó síbi tí àlejò dìde.

"Díákónì, ṣé ìgbìmọ̀ máa bi yín léèrè ọ̀rọ̀?"

"Wọ́n máa ní kí àgbà kan nínú ẹbí búra. Ẹsẹ̀ Bàbá kò dá. Èmi ló kàn."

"Kí lẹ máa gbé lọ́wọ́ búra?"

Àwọn méjèèjì mọ ìwé tó wà lórí tábìlì, tí èèpo rẹ̀ ti ṣá níbi tí àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń dì í mú.

"Ẹ ò sì jẹ iyán yín," obìnrin náà wí, ó wá kó abọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Gbádéyan lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ògúnfẹ́mi. Àbúrò bàbá rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé ni. Nígbà tí bàbá Gbádéyan kú, òun ló tọ́ ọ, tó rán an nílé ìwé pẹ̀lú kòkó inú oko yẹn kan náà. Kò sí ìjà láàrin wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá ń bọ Ògún, díẹ̀díẹ̀ ni ìkíni fi di ti Kérésìmesì àti ti ìsìnkú nìkan. Nígbà tí típà ń kó Òkè Dúdú, bàbá àgbàlagbà náà wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Iléṣà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, bóyá ìtàn yìí kì bá tí wáyé.

Gbádéyan dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Bàbá."

"Ta nìyẹn? Ohùn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni mo gbọ́ yẹn. Dìde, ilẹ̀ tutù, o kì í ṣe ọmọdé."

"Bàbá, ọ̀rọ̀ Òkè Dúdú ni."

"Mo ti gbọ́. Wọ́n ní o gbàdúrà fún un kó tó lọ." Bàbá na ẹsẹ̀ tó wú síwájú, ó fi ọwọ́ ra á. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò dára kí wọ́n kó ara ilé ẹni lọ láìkí i pé ó dàbọ̀."

Gbádéyan kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún. Ó jókòó sórí àpótí. Ó wá béèrè ohun tí kò béèrè rí láti ìgbà tó ti gbọ́njú.

"Kí lẹ máa ń ṣe gan-an lọ́jọ́ ìrìn ààlà?"

"O ò rántí? Èjìká mi lo wà nígbà tí o kọ́kọ́ lọ. O tọ̀ sí mi lọ́rùn." Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "A máa ń rìn ni. Tí a bá dé ìdí pèrègún, àgbà á bi pèrègún pé, ta ló gbìn ọ́? Àwọn ọmọ á dáhùn. Tí a bá dé ibi àpáta ọlọ, àgbà á tún bi í. Bẹ́ẹ̀ ni títí dé Òkè Dúdú. Ẹni tó bá ti dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́mọdé kò lè gbàgbé ilẹ̀ rẹ̀ mọ́."

"Àti ẹbọ ńkọ́?"

"Ẹbọ wo? Ojúbọ Ògún nílé ni ẹbọ wà, a ti ṣe é tán kí a tó jáde. Kò sí adìẹ lójú ọ̀nà, kò sí epo. Àwọn ìmàle inú ẹbí wa, ìdí pèrègún ni wọ́n ti máa ń dúró dè wá, tí wọ́n á bá wa rìn yí ká, tí wọ́n á sì padà lọ kírun. Ta ló sọ fún ọ pé ẹbọ ni ìrìn?"

Gbádéyan wá ẹni náà nínú ọkàn rẹ̀. Ó wá olùṣọ́-àgùntàn, ó wá olùkọ́ ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi, ó wá àwọn tí wọ́n jọ ṣèrìbọmi. Kò rí ẹnì kankan.

"Mi ò béèrè, Bàbá."

"Hẹn. O ò béèrè."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Gbádéyan lára ju èpè lọ.

"Adétọ́lá ní kí a kó o padà."

"Ó ti wá síbí. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí." Bàbá wo ìta, níbi tí àgbìgbò kan ti ń pariwo lórí igi. "Tí a bá débẹ̀ lọ́la, èmi ni màá pe ìpè. Màá ní, Òkè Dúdú, ta ló dáná sí ọ lábẹ́? Tó bá jẹ́ típà ló dà á síbẹ̀ láàárọ̀, kí ni kí àwọn ọmọ dá mi lóhùn?" Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n oko yẹn ni mo ń jẹ. Tí Fákúnlé bá gbà á, mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ọ̀pá mi tì. N ò ní ní kí o ṣe é, n ò sì ní ní kí o má ṣe é. Ìwọ ni wọ́n máa gbé ìwé fún."

Mukhtar dé ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, típà rẹ̀ ń yọ èéfín bí ilé ìdáná. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti ọkọ́. Adétọ́lá dúró láàrin wọn, ó ń nawọ́ síbi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ṣọ́bìrì àkọ́kọ́ kan ìdàrọ́, ó ró bí agogo tó ti ya. Ìró yẹn ni Gbádéyan gbọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Ẹ dúró," ó wí. "Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n!"

"Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó wà níbẹ̀, Adétọ́lá."

Mukhtar yọ orí jáde lójú fèrèsé ọkọ̀. "Ẹ̀yin ará ibí, ẹ kó o wá, ẹ kó o lọ, ẹ tún ní kí n dúró. Ṣé bọ́ọ̀lù lẹ fẹ́ fi ọkọ̀ mi gbá ni? Astaghfirulláà!"

Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Adétọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Omi ti lé sí i lójú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fi ìgbàgbọ́ kó ẹ̀rí wa lọ. Ṣé ìgbàgbọ́ náà lẹ tún fẹ́ fi lé Bàbá kúrò lóko? Ìgbàgbọ́ wo nìyẹn?"

Gbádéyan gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ọ̀dọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni àbúrò rẹ̀ ń sọ. Kò sí ẹsẹ Ìwé Mímọ́ kan tó wá sí i lọ́kàn tó lè fi mú kó fúyẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló dá a lójú, pé òun kò lè gbé ọwọ́ lé ìwé yẹn kí òun sì purọ́ pẹ̀lú ìdàrọ́. Ó yí padà, ó gba ilé Bàbá lọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àga rẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i.

"Bàbá, ẹ gun ẹ̀yìn mi."

Nígbà tí ìgbìmọ̀ dé ìdí pèrègún, Fákúnlé àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ó rí Gbádéyan tó ń bọ̀ nínú igbó kòkó pẹ̀lú arúgbó lẹ́yìn, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wo Díákónì wa o! Ó ti di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó gbé Ògún wọ Jerúsálẹ́mù!"

"Jẹ́ kó máa gbé mi," Bàbá dá a lóhùn láti òkè. "Àwọn ọmọ tìrẹ tó dúró tì ọ́ yìí, ta ló gbé ọ nínú wọn?"

Olóyè tó ṣe olórí ìgbìmọ̀ fi ikọ́ bo ẹ̀rín. Ó ní kí wọ́n máa lọ. Dókítà Tinúolúwa, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dé fìlà etí gbẹ̀ngbẹ̀ tí wọ́n fi koríko hun, tẹ̀lé wọn pẹ̀lú àpò lọ́rùn.

"Pèrègún, ta ló gbìn ọ́?" Bàbá pè.

"Bàbá wa ni!" Adétọ́lá àti àwọn ẹbí dáhùn. Ẹnu Gbádéyan wúwo.

Wọ́n dé àpáta ọlọ, níbi tí ọwọ́ àwọn obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn mọ́ ti lọ òkúta títí ó fi jìn bí abọ́. Omi òjò wà nínú àwọn ihò náà. Bàbá tún pè, "Àpáta, ta ló lọ̀ ọ́ dán?" Lọ́tẹ̀ yìí, Gbádéyan mi ètè.

Lẹ́yìn náà, igbó là, wọ́n dé ibi tí Òkè Dúdú wà tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ gbàlàsà ni wọ́n bá, ojú táyà ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀, àti omi pupa tó dárogún.

"Òkè tí ẹ wí dà?" olóyè béèrè.

Adétọ́lá yí ojú sí ibòmíràn. Gbádéyan gbọ́ bí Bàbá ṣe ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó lọ sókè, bí ẹni pé òkè náà ṣì wà níbẹ̀.

"Òkè Dúdú o! Ta ló dáná sí ọ lábẹ́?"

Àwọn tó ti ń dáhùn láti ìdí pèrègún wo ara wọn.

"Bàbá wa ni," Gbádéyan wí. Ohùn tó fi ń kọ orin ló fi sọ ọ́, ó sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. "Bàbá wa ló dáná níbí. Èmi Gbádéyan ni mo kó eérú rẹ̀ lọ. Ó wà lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mi ò mọ ohun tó jẹ́, mi ò sì béèrè."

Fákúnlé rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o, olóyè! Ẹ̀rí wọn ti lọ gba ìrìbọmi."

Tinúolúwa kò rẹ́rìn-ín. Ó súnmọ́ Gbádéyan. "Sà, ṣé ẹ ò rò ó pé kí ẹ kó o padà?"

"A rò ó. Ọkọ̀ ti dé gan-an."

"Ẹ ṣeun tí ẹ ò ṣe é. Ìdàrọ́ tó bá ti kúrò níbi tó sùn sí, kò lè jẹ́rìí mọ́. Tí ẹ bá tún wá dà á síbí, ẹ máa bo ohun tó bá kù mọ́lẹ̀ ni." Ó wo ilẹ̀ pupa náà. "Báwo lẹ ṣe gbẹ́ ẹ jìn tó?"

"Títí ṣọ́bìrì kò fi wọlé mọ́. A rò pé a ti kan àpáta ni."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ láìwo aṣọ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbọ́n omi dànù, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá ẹrẹ̀ kúrò, ó tún gbá a. Ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, ó pupa ju ilẹ̀ yòókù lọ, ó le bí bíríkì, ó sì rí róbótó bí ẹnu kànga. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ihò amọ̀ kan wọ inú rẹ̀ lọ, níbi tí ẹwìrì ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí iná nígbà kan rí.

"Gbé mi sọ̀kalẹ̀," Bàbá wí.

Gbádéyan gbé e kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Bàbá jókòó sórí ilẹ̀ tútù náà, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé etí róbótó yẹn, ó sì pa ojú dé. "Gbogbo ọjọ́ ayé mi, orí rẹ̀ ni mo ń pè. Mi ò rí ìdí rẹ̀ rí."

"Ó lè jẹ́ bàbá tiwa ló dá a," Fákúnlé wí, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò le bí ti àtẹ̀yìnwá.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà," Tinúolúwa dáhùn. "Iná kì í kọ orúkọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Mo lè sọ pé ilé ìyọ́rin ni, mo sì lè sọ pé ó ti pẹ́. Ohun tí ì bá sọ fún mi bó ṣe pẹ́ tó, orí rẹ̀ ló wà, wọ́n sì ti dà á rú." Kò wo Gbádéyan bó ṣe ń sọ ọ́. Àánú ló fi ṣe é, síbẹ̀ ó dun Díákónì.

Olóyè kọjú sí Fákúnlé. "Ẹ̀yin náà ní ìpè tí ẹ máa ń pe ibí?"

Fákúnlé wo àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n wo ilẹ̀. "Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ti kú," ó wí níkẹyìn. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀ wọn ni.

Olóyè ní òun kò ní kí ẹnikẹ́ni búra mọ́, pé ìgbìmọ̀ á gbé ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n gbọ́ lọ síwájú Kábíyèsí. Kò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ náà. Adétọ́lá bá Gbádéyan gbé Bàbá padà sẹ́yìn rẹ̀, kò sì dúró dè wọ́n. Ó ṣíwájú wọn lọ sí ibi tó ti máa rí ọkọ̀ Òṣogbo.

Wọ́n gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ wálé nítorí pé kò sí ẹrọ̀fọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ìdàrọ́ ń ró gàràgàrà lábẹ́ ẹsẹ̀ Gbádéyan. Ó mọ̀ pé ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi tó kù fún òun láyé, ìró yẹn ni òun máa gbọ́ kí òun tó gbọ́ agogo.

"O lágbára," Bàbá wí lẹ́bàá etí rẹ̀. "Àmọ́ èmi yára jù ọ́ lọ nígbà tí mo gbé ọ."

"Ẹ̀yin ni ẹ wúwo, Bàbá."

"Lọ́dún tó ń bọ̀, bóyá n ò ní lè pè mọ́. Ìwọ lo máa pè. Ta ni yóò dáhùn?"

Gbádéyan dúró. Ó rántí Tèmítọ́pẹ́ ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo, tó ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó máa ń béèrè ibi tí àwọn ènìyàn ń lọ lọ́jọ́ ọdún, òun sì máa ń ní kó dákẹ́ kó lọ ka ìwé rẹ̀. Ó ti dákẹ́ tipẹ́.

"Bàbá, ẹ bá mi yọ fóònù nínú àpò mi. Ọwọ́ mi ò lè fi yín sílẹ̀."

Arúgbó náà fi ọwọ́ wá àpò, ó yọ ọ́, ó tẹ ibi tí Gbádéyan sọ, ó sì gbé e mọ́ ọn létí.

"Dádì? Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi. Wá sílé lópin ọ̀sẹ̀. Ibì kan wà tí mo fẹ́ kí á jọ rìn dé."

"Ibo nìyẹn?" ọmọ náà béèrè. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, bí ẹni tó rántí pé kò yẹ kí òun ti béèrè.

"Béèrè," Gbádéyan wí. "Ohunkóhun tó bá wà lọ́kàn rẹ, béèrè ẹ̀. Mò ń gbọ́."

Ìwọ tó ka ìtàn yìí dé ibí, kí Olúwa má jẹ́ kí o fi ọwọ́ ara rẹ kó ohun tí ìwọ yóò wá lọ́la dànù lónìí. Bí o bá sì ti kó o, kí Ó fún ọ ní ẹnu tí wàá fi jẹ́wọ́, kí Ó fún ọ ní ẹ̀yìn tí wàá fi gbé àwọn àgbà rẹ, kí Ó sì jẹ́ kí ọmọ rẹ wà nítòsí láti dáhùn nígbà tí ó bá kàn ọ́ láti pè. Àmín.